Ẹni Tí Kò Ní Lè Lọ

"Ó ṣì wà ní Òṣogbo," ni Modúpẹ́ wí. "Wọn ò tíì dá a padà fún wa."

Kò gbójú sókè bó ti ń sọ ọ́. Ìwé ìrìnnà tí ọmọbìnrin náà wá béèrè wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀. Òun náà ló ń mú kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ náà lọ sílé lójoojúmọ́ nínú báàgì rẹ̀, pẹ̀lú Bíbélì kékeré àti gíláàsì tó fi ń kàwé.

Chikondi dúró níwájú tábìlì, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tí ọ̀gá ránṣẹ́ pè. Kótù funfun tí wọ́n ń wọ̀ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti wọnú nítorí àìsùn. Láti àárọ̀ àná ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ sí Kánádà, ilé ìwòsàn kò sì tíì gba ẹlòmíràn. Ó ní àbúrò òun pè láti ilé ní òwúrọ̀ yẹn. Wọ́n ti gbé ìyá àwọn lọ sílé ìwòsàn ńlá ní Blantyre. Apá kan ara rẹ̀ ti rọ, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Òun kò wá tọrọ owó o. Ìjọ àwọn nílé ti dá owó ọkọ̀ òfuurufú jọ. Ìwé ìrìnnà òun nìkan lòun ń fẹ́, pẹ̀lú ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, òun yóò sì padà wá.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè lọ bá wọn ní Òṣogbo fúnra mi? Màá bẹ̀ wọ́n."

Yorùbá tó ń sọ kò ní àbùkù kankan. Ìlú Ẹdẹ ló ti kọ́ ọ, lẹ́nu àwọn obìnrin agbo ilé tó ń gbé, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn fi ẹ̀rọ̀ sínú ọ̀rọ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé Màláwì ni wọ́n ti bí i. Ohun tó kọ́kọ́ mú Modúpẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ ń sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, bóyá irọ́ yẹn ì bá rọrùn díẹ̀ sí i láti pa.

"Àwọn tó ń ṣe físà tuntun rẹ níbẹ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi iléeṣẹ́ tó ṣe onígbọ̀wọ́," ni Modúpẹ́ dáhùn. "Jẹ́ kí n bá Dókítà sọ ọ́."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn aláìsàn láti ìlú Ara àti Awo ti kún orí bẹ́ǹṣì níta yàrá àyẹ̀wò, wọ́n ń retí rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ohun rere ni Modúpẹ́ kà á sí. Ilé ìwòsàn Dókítà Ọládòṣù, tó wà lójú ọ̀nà Òṣogbo, kò mọ ohun tí yóò ṣe sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi í sílẹ̀ lọ mọ́. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́ níṣẹ́ tán yóò di èrò Sáúdí. Èyí tó bá mọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe dáadáa yóò di èrò Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan nínú wọn kó kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn lé orí tábìlì lọ́jọ́ kan, kò dúró gba owó oṣù. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni Dókítà wọ ọ́fíìsì Modúpẹ́, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ó sì jókòó sórí àga àlejò.

"Ìyá Tiwaladé," ló wí, "ó ti rẹ̀ mí. Ẹ bá mi wá ẹni tí kò ní lè lọ."

Modúpẹ́ rò ó títí. Àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó ń kàwé ní yunifásítì ìjọ tó wà nínú ìlú ló wá sọ́kàn rẹ̀. Láti Màláwì, Rùwáńdà àti ibi mìíràn ni ìjọ ti ń rán wọn wá. Bí wọ́n bá parí ẹ̀kọ́ tán, físà akẹ́kọ̀ọ́ wọn kì í pẹ́ tó fi ń parí, iṣẹ́ kò sì pọ̀ nílé tí wọ́n ń padà lọ. Àmọ́ bí agbanisíṣẹ́ kan bá lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún wọn, ìjọba lè fún wọn ní físà iṣẹ́: ti ìgbà díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà, bí onígbọ̀wọ́ náà kò bá yẹsẹ̀, ti ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àwọn agbanisíṣẹ́ Ẹdẹ kò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Ẹ̀rù Àbújá ń bà wọ́n.

Modúpẹ́ kọ́ ọ. Ó lọ sí Àbújá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì tí kò sẹ́ni tó bojú wò ó, wọ́n ní kó lọ kó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, títí wọ́n fi fún ilé ìwòsàn náà láyè láti gba àjèjì síṣẹ́. Nígbà tí yunifásítì gbọ́, wọ́n pè é kó wá là á yé àwọn agbanisíṣẹ́ mìíràn, ó sì lọ. Ó bá ẹni tó ni iléèwé aládàáni kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Owódé ṣe é, ó bá ẹni tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ṣe é. Gbogbo wọn ń pè é ní màmá àwọn àlejò. Inú rẹ̀ ń dùn sí i.

Chikondi ni ẹni àkọ́kọ́ tí ilé ìwòsàn gbà. Lọ́jọ́ tí físà rẹ̀ jáde, gbogbo òṣìṣẹ́ ló dúró ya fọ́tò níwájú ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Dókítà dábàá pé kí ìwé ìrìnnà rẹ̀ máa wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, kó má bàa sọ nù. Modúpẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ó gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì tì í mọ́ dúrọ́ọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ló wá ń rí i. Yàrá tí wọ́n ṣèlérí fún Chikondi nínú ọgbà ilé ìwòsàn kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ rí. Iṣẹ́ ẹni méjì di ti òun nìkan. Bó bá fẹ́ ṣàròyé, Dókítà yóò rọra béèrè bóyá ó rántí oṣù tí físà rẹ̀ máa parí. Ilé ìwòsàn kan tó tóbi ní Ìbàdàn fẹ́ gbà á nígbà kan, Dókítà sì rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó gbọ́. Físà náà so mọ́ ilé ìwòsàn tirẹ̀ nìkan. Ọjọ́ tí Chikondi bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó di ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wà ní Nàìjíríà. Modúpẹ́ ló mọ òfin yẹn jù. Òun ló là á yé Dókítà.

Ó bá Dókítà ní yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Dókítà Ọládòṣù kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì máa ń dìde fún àgbà obìnrin bó bá wọlé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mi orí, ó ní ó ṣeni láàánú. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé ta ni yóò máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bí ọmọ náà bá lọ. Ó ní ẹni tó bá dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn kì í tètè kúrò níbẹ̀ mọ́, ọ̀sẹ̀ méjì yóò di oṣù méjì, oṣù méjì yóò di títí láé. Kí Modúpẹ́ ṣáà máa sọ fún un pé ó kù díẹ̀.

"Ìyá rẹ̀ ni, sà," ni Modúpẹ́ wí.

Dókítà tún àwọn bírò tó wà níwájú rẹ̀ tò. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

"Daniel kí yín o. Àná la jọ sọ̀rọ̀. Ó ní Tiwaladé ń ṣe dáadáa."

Modúpẹ́ ní òun dúpẹ́, ó sì jáde.

Daniel ni àbúrò Dókítà. Ó ní iléeṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Leeds, tí wọ́n ti ń rán òṣìṣẹ́ láti máa tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Tiwaladé, ọmọ kan ṣoṣo tí Modúpẹ́ bí kí bàbá rẹ̀ tó kú, lọ kàwé gboyè kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí físà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ parí, tó ń wá agbanisíṣẹ́ káàkiri tí kò rí, Dókítà ló gbé fóònù, ó bá Daniel sọ ọ́ lójú Modúpẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, iléeṣẹ́ Daniel ti gbà láti ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Modúpẹ́ kúnlẹ̀ fún Dókítà nínú yàrá yìí kan náà lọ́jọ́ yẹn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọn ò ní kó búra, wọn ò ní kó ṣe ohunkóhun. Ní báyìí físà Tiwaladé ti ń sún mọ́ òpin, ó sì di dandan kí iléeṣẹ́ Daniel tún dúró fún un kó lè gba èyí tó máa pẹ́. Dókítà mọ oṣù náà ju Modúpẹ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, òmíràn dé. Àràárọ̀ ni Chikondi ń yọjú sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Nígbà tó yá, kì í béèrè mọ́. Yóò kàn yọjú, Modúpẹ́ yóò mi orí, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Modúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé ibi iṣẹ́ kí wọ́n má bàa pàdé ní ojú ọ̀nà. Kò lè jẹun ọ̀sán mọ́ nídìí tábìlì náà. Ó ń ṣe é bíi pé ohun kan ń mí nínú dúrọ́ọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni Tiwaladé máa ń pè. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, Modúpẹ́ bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sórí ibùsùn, ó sì gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láàárín ariwo bọ́ọ̀sì. Ó ń lọ láti ilé arúgbó kan sí ìkejì. Wọn kì í sanwó àkókò tó ń lò lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìdajì ọjọ́ ń bá lọ. Inú ilé Daniel lòun àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ń gbé, Daniel sì ń yọ owó ilé náà kúrò lórí owó wọn kó tó dọ́wọ́ wọn. Ọmọ Ìlọrin kan láàárín wọn ṣàròyé nígbà kan. Daniel kọ̀wé sí ìjọba pé ó ti sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó wà báyìí. Gbogbo èyí ni Tiwaladé ti sọ fún ìyá rẹ̀ rí, ìyá rẹ̀ a sì máa sọ fún un pé kó fara dà á, kó máa gbàdúrà, ó kù díẹ̀. Lọ́jọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, Modúpẹ́ gbọ́ ara rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún Chikondi náà nìyẹn.

Ó bá sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó sọ ti dúrọ́ọ̀, ó sọ ti ìyá tó dùbúlẹ̀ ní Blantyre, ó sọ ohun tí Dókítà sọ nípa Daniel. Ó ní òun fẹ́ mú ìwé náà fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́la, ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Ó ń retí kí Tiwaladé sọ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi ń sọ ọ́ nìyẹn.

Tiwaladé rẹ ohùn sílẹ̀ láàárín ariwo bọ́ọ̀sì.

"Ṣé Dókítà ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ fún un?"

"Kò mọ̀."

"Mọ́mì," ni Tiwaladé wí, "ẹ jẹ́ kí tèmi jáde ná."

Modúpẹ́ béèrè ìgbà tó máa jáde. Ó ní wọ́n sọ pé bóyá oṣù méjì. Modúpẹ́ ní ìyá ọmọ náà lè má lò tó oṣù méjì.

"Mo mọ̀," ni Tiwaladé wí. Ó ti ń sunkún, ó ń gbìyànjú kí àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì má gbọ́. "Mo mọ̀, Mọ́mì. Mi ò sọ pé ó dáa. Mo kàn ní kẹ́ ẹ dúró dè mí ni."

Modúpẹ́ dúró. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí Chikondi yọjú, ó mi orí.

Kò pẹ́ rárá tí ìyá náà fi kú. Nọ́ọ̀sì kan ló mú ìròyìn wá sí ọ́fíìsì, ó ní Chikondi kò wá síṣẹ́, òkú ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì ń sin lọ́jọ́ náà. Modúpẹ́ jókòó títí iṣẹ́ fi parí, lẹ́yìn náà ó gun ọ̀kadà lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú, sí agbo ilé tí ọmọ náà ń gbé.

Kò mọ irú ohun tó ń lọ bá. Ó rò pé yóò bá a lóun nìkan nínú yàrá. Àmọ́ àgbàlá kún. Àwọn obìnrin agbo ilé jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ìbòrí wọn, wọ́n ti pín àkàrà sàárà fún àwọn ọmọdé, áfáà tó ṣe àdúà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ bàtà ni. Àtinúkẹ́, ìyá tó ni yàrá tí Chikondi háyà, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Teslim, ló ránṣẹ́ pe áfáà náà. Wọ́n ní áfáà kọ́kọ́ béèrè pé ṣé kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì ni olóògbé, Ìyá Teslim sì dá a lóhùn pé ìyá Ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ ni orúkọ tí wọ́n ń pe Chikondi nínú ilé náà, nítorí ó ti sọ fún wọn pé ohun tí orúkọ òun túmọ̀ sí lédè wọn nìyẹn. Áfáà kò bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́.

Chikondi jókòó sórí àpótí kékeré láàárín wọn. Ó gbé fóònù rẹ̀ ti abọ́ kan, ìsìnkú náà sì ń lọ lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ pẹ̀lú aṣọ funfun ń kọrin yí ilẹ̀ pupa kan ká. Àwòrán náà ń dúró, ó ń rìn, ó tún ń dúró. Àwọn obìnrin Ẹdẹ na ọrùn láti wò ó, wọ́n ń rọra béèrè pé èwo ni àbúrò rẹ̀, ta ni ọkùnrin tó di igi mú, ó sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n gbé pósí dé ẹnu ihò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Àwòrán náà dúró síbẹ̀, pẹ̀lú pósí tó wà láàárín òkè àti ilẹ̀, kò sì rìn mọ́. Chikondi kò mú ojú kúrò lára fóònù títí iná rẹ̀ fi kú.

Ìyá Teslim fọwọ́ kan Modúpẹ́ léjìká, ó sì mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, síbi tí wọ́n sá ẹ̀lúbọ́ sí. Ó ní ní ìjẹta, Teslim ọmọ òun gbé Ìfẹ́ lọ sí Òṣogbo lórí ọ̀kadà. Wọ́n rí àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àjèjì níbẹ̀. Ọ̀gá kan yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní ìwé ìrìnnà ọmọ náà kò sí lọ́dọ̀ àwọn, ó ti pẹ́ tí àwọn ti dá a padà fún ilé ìwòsàn.

Modúpẹ́ di báàgì rẹ̀ mú mọ́ra.

"Mi ò bi yín o," ni Ìyá Teslim wí. Ó ń fọwọ́ tú ẹ̀lúbọ́ náà ká, kò wo ojú rẹ̀. "Òun ló ní kí n má bi yín. Ó ní ẹ lọ́mọ lókè òkun."

Modúpẹ́ kò mọ bó ṣe dé ilé. Ohun tó ń rò lójú ọ̀nà ni ìgbà tó jẹ́ pé òun fúnra òun ló fi fọ́tò Tiwaladé han Chikondi, lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ kò pọ̀, tí wọ́n jọ jẹ ọsàn, tó sì sọ fún un tayọ̀tayọ̀ pé àbúrò Dókítà ló ṣe onígbọ̀wọ́ ọmọ òun.

Kí oṣù méjì tó pé, físà Tiwaladé jáde. Kò pè. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀: "Ó jáde." Ọdún mẹ́ta sí i ni, lọ́dọ̀ Daniel. Modúpẹ́ kọ ọpẹ́ Ọlọ́run ránṣẹ́ padà. Láti ìgbà náà ni ìpè ọjọ́ Ìsinmi ti ń fò. Bí wọ́n bá sì pe ara wọn, ojú ọjọ́ ni wọ́n máa ń sọ, tàbí ohun tí wọ́n jẹ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé sórí fóònù, Modúpẹ́ ránṣẹ́ pe Chikondi. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó sì gbé ìwé ìrìnnà náà sí iwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ti múra ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ sọ ọ́ nínú yàrá ara rẹ̀ pàápàá. Kò rántí ìkankan nínú rẹ̀ mọ́.

Chikondi ṣí ìwé náà. Físà ọlọ́jọ́ pípẹ́ tirẹ̀ náà ti jáde, ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ilé ìwòsàn lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó fọwọ́ tọ́ ìlà ibi tí wọ́n kọ ọdún sí.

"Wọ́n ti sin ín, Mọ́mì," ló wí.

Kò bínú. Ó là á yé Modúpẹ́ bí ẹni ń ṣàlàyé èsì àyẹ̀wò fún aláìsàn: àwọn àbúrò òun ṣì ń lọ síléèwé, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn báyìí. Bí òun bá mú ìwé yìí lọ, ilé nìkan ló lè gbé òun dé, òfìfo lòun yóò sì bá a. Ó tún ìwé náà pa dé, ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì béèrè bóyá òun lè máa lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí òun gbà lára aláìsàn kan ti ń dúró de òun.

Modúpẹ́ dá a padà sínú dúrọ́ọ̀. Kò tì í mọ́ láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì wá mú un.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ń múra àtijáde, yunifásítì ṣe ìpàdé ńlá kan nínú gbọ̀ngàn wọn. Wọ́n fẹ́ kí àwọn agbanisíṣẹ́ púpọ̀ sí i wá máa ṣe onígbọ̀wọ́ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Dókítà Ọládòṣù ni olùbánisọ̀rọ̀. Modúpẹ́ jókòó sídìí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ pèpéle, òun ni yóò gba ìwé àwọn tó bá fẹ́ wá síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Chikondi ni yóò jẹ́rìí.

Dókítà sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ilé kan ni gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ó ní àwọn ọmọ wa ń sá lọ, Ọlọ́run sì fi ọmọ mìíràn rọ́pò wọn. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Chikondi bọ́ síwájú, ó ka ohun tí wọ́n kọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, pé ilé ìwòsàn gba òun bí ọmọ, pé òun ti gba físà ọlọ́jọ́ pípẹ́. Nígbà tó parí, kò kúrò níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun rí ọmọ ìlú òun kan nínú gbọ̀ngàn, kí wọ́n jẹ́ kí òun kí i lédè àwọn.

Ọmọbìnrin náà wà ní ìlà kejì, ó ti di ìwé rẹ̀ mú lọ́wọ́. Chikondi bá a sọ̀rọ̀, kò gùn, ẹ̀rín músẹ́ náà kò sì kúrò lójú rẹ̀. Gbọ̀ngàn náà pàtẹ́wọ́ fún èdè tí wọn kò gbọ́. Ọmọbìnrin náà kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó fún ìgbà díẹ̀, ó kó ìwé rẹ̀ padà sínú báàgì, ó sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde.

Dókítà tẹ̀ sọ́dọ̀ Modúpẹ́.

"Kí ló sọ fún un?"

"Ó kí i ni, sà," ni Modúpẹ́ wí.

Nígbà tí ìpàdé túká, àwọn tó kù tò sídìí tábìlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Rùwáńdà kan tó ń jẹ́ Joseph ló wà níwájú. Ó ga, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílẹ̀ yìí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún Modúpẹ́ ní Yorùbá tó ń kọsẹ̀ pé ìyá òun ti ń dúró nídìí fóònù láti àárọ̀, pé òun fẹ́ lọ sọ fún un pé òun ti ríṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé ìrìnnà rẹ̀ sí i, bí ọmọ tó fẹ́ fún ìyá ní ẹ̀bùn.

"Ẹ ṣé gan-an, Mọ́mì."

Dókítà dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Ní òdìkejì gbọ̀ngàn, Chikondi ń to àwọn àga jọ, ó sì ti dáwọ́ dúró. Modúpẹ́ wo ojú ọmọkùnrin náà, ojú tí kò tíì kọ́ láti fura sí ẹnikẹ́ni nílùú yìí. Ó rántí ọdún mẹ́ta Tiwaladé, tí ọdún kan ò tíì kúrò nínú rẹ̀.

Ó gba ìwé náà, ó sì ṣí báàgì rẹ̀.